Lẹ́kìí, Tarkwa Bay, Àgbádárìgì tàbí Ọ̀yán: níbo ni kí ará Abẹ́òkúta kó ọmọ lọ wo ẹyẹ nígbà ọyẹ́?

Àbúrò mi tó ń gbé ìlú Ọba ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé ìgbà òtútù báyìí, ṣe ló máa ń kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sínú mọ́tò, ó di etí òkun Norfolk. Wọ́n á wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn, wọ́n á dúró sínú afẹ́fẹ́ tó lè gé etí èèyàn já, wọ́n á máa wo ẹyẹ. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àfi ọdún tó ní àwọn ń bọ̀ wálé wá ṣe Kérésì, tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí mi, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ wo ẹyẹ etí òkun nílé náà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ibi tó dáa."

Mo ní, òkun wo? Abẹ́òkúta la wà. Àpáta la ní, odò la ní. Ìpínlẹ̀ wa fẹnu kan omi ńlá lóòótọ́ níhà Ìpókíá àti níhà Ogun Waterside, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ nìkan kò lè gbé yín dé Erékùṣù Tongeji. Ẹ ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi lé e, n kò sì rí ẹni tó máa gbé ọmọ ọdún mẹ́rin àti ìyá àgbà gba ibẹ̀ torí ìran wíwò. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíì nìyẹn. Ọdún méjì léra la fi rìn ín, ibi mẹ́rin la sì dé: Lẹ́kìí, Tarkwa Bay, Àgbádárìgì, àti Ọ̀yán tó wà nílé níbí. Ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn kì í ṣe ibi tí ẹyẹ pọ̀ sí jù. Ibi tí ọmọ kékeré ti lè rí ẹyẹ kan dáadáa, kó wò ó pẹ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tá a máa lọ sílé, ìyẹn ni mò ń wá.

Ẹ má retí Norfolk

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti àbúrò mi lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní Norfolk, nígbà tí omi òkun bá fà, ó lè fà jìnnà débi tí ojú kò ní tó o mọ́. Ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kòkòrò àti ìṣáwùrú kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹyẹ á wá bò ó. Bí omi bá tún ń padà bọ̀, á máa lé wọn sójú kan, á máa lé wọn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ á fi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí èéfín. Níbì kan tó ń jẹ́ Snettisham, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn ń jí ní ìdájí lọ wò. Àbúrò mi ti gbé ìyẹn sọ́kàn wá sílé. Nígbà tó dé etí òkun wa tó rí ẹyẹ mẹ́rìnlá, ó ní, "Àǹtí mi, níbo làwọn yòókù wà?"

Òkun tiwa ò rí bíi tiwọn. Láàrin ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà l'Ékòó, gíga rẹ̀ kò ju bíi mítà kan lọ. Etí òkun náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi, yanrìn sì ni, kì í ṣe ẹrẹ̀. Etí ọ̀sà ni ẹrẹ̀ wà, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyẹ fi máa ń fọ́n ká lọ́dọ̀ wa, méjì níbí, márùn-ún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà nínú rẹ̀ tí Norfolk kò ní: a lè sún mọ́ wọn. Ẹyẹ tí àwọn ọmọ àbúrò mi ń fi awò awọ̀nàjíjìn wá lọ́nà jíjìn nínú òtútù, ojú lásán ni wọ́n fi rí i l'Ágbádárìgì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìgbì, ẹsẹ̀ tiwọn náà nínú yanrìn gbígbóná.

Ọ̀kan náà sì ni wọ́n. Ẹyẹ kékeré funfun tó ń sáré tẹ̀lé ìgbì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sanderling, ìpẹ̀kun àríwá ayé ló ń yé sí, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí òtútù bá dé, àwọn kan lára wọn á dúró ní Norfolk, àwọn kan á kọjá, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe òtútù gan-an ló ń lé púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, ebi ni. Ilẹ̀ á dì gbagidi, kòkòrò á pòórá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀, tó pọ́n lọ́fun, kò wọ̀n ju bíi 20 gíráàmù lọ, ìyẹn ò tó ìdajì ẹyin adìẹ, ó sì máa ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó dé ilẹ̀ wa. Láàrin Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá ni púpọ̀ nínú àwọn àlejò yìí máa ń wọlé. Nígbà tó bá fi di Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Kérésì bọ́ sí àárín gbùngbùn: wọ́n ti jókòó, wọ́n ti mọ ibi tí oúnjẹ wà, wọn ò sì tíì máa múra àtilọ.

Ẹ jọ̀ọ́, lékèélékèé kì í ṣe ara wọn o. Àwọn ọmọ wa tó ń na èékánná sókè sí lékèélékèé kó lè fún wọn ní funfun, wọ́n máa ń rò pé òkè òkun ló ti ń bọ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí náà ló ń lọ tó ń bọ̀: ó ń gòkè lọ sápá àríwá nígbà òjò, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lẹ́kìí àti Tarkwa Bay

Inú Èkó ni méjèèjì wà, ọ̀nà kan náà la sì gbà dé Èkó fún méjèèjì, nítorí náà ojú kan ni mo fi ń wò wọ́n. Àmọ́ wọn ò jọra rárá.

Ẹni tó bá gbọ́ "Lẹ́kìí" tó rò pé òkun ni òun ń lọ, ẹ tètè tún èrò rẹ̀ ṣe. Ọgbà tí mò ń sọ, tí wọ́n ń pè ní Lekki Conservation Centre, igbó àti àbàtà ni. Hẹ́kítà 78 ni, ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Nigerian Conservation Foundation ló sì ń bójú tó o. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà gba orí àbàtà náà, tí ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn fi lè rìn ín wọ́ọ́rọ́wọ́ láìtẹ ẹrẹ̀. Ìyá wa rìn ín, ó sinmi, ó tún rìn ín, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ọ̀nà orí igi tó wà níbẹ̀, tó ń mì jọ̀wọ̀lọ̀jọ̀wọ̀lọ̀ lókè téńté, 401 mítà ló gùn, kò sì sí irú rẹ̀ tó gùn tó o nílẹ̀ Áfíríkà. Mo sọ ìyẹn bí oore, mo sì tún sọ ọ́ bí ìkìlọ̀: gbàrà tí ọmọ bá ti rí i, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti tán. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹyẹ ná, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wà.

Ẹyẹ tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, ẹyẹ igbó àti ti àbàtà ni: ẹ̀gà, àṣá, àwọn tó ń pẹja, àti àwọn bíńtín kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ń fò láti ewé dé ewé, tí díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ àlejò láti Yúróòpù. Àwọn bíńtín yẹn ò rọrùn fún ọmọdé. Kó o tó ní "wò ó níbẹ̀ yẹn," ó ti lọ. Ohun tí ọmọdé máa rántí ni ọ̀kín tó ń rìn kiri ilẹ̀ bí onílé àti àwọn ọ̀bọ tí kò bẹ̀rù èèyàn (oúnjẹ yín, inú báàgì ni kó wà, kí síìpù sì pa dé). Ibi tí Lẹ́kìí kù sí fún ẹni tó ń wo ẹyẹ gan-an ni pé ẹnubodè kì í ṣí ní ìdájí, bẹ́ẹ̀ ìdájí gan-an ni ẹyẹ igbó ń sọ̀rọ̀. Tí ìyá àgbà bá wà nínú ìrìn àjò yín, tàbí ọmọ ọwọ́, ẹ má wò yíká, Lẹ́kìí ni.

Tarkwa Bay ní òkun. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni débẹ̀ láti Erékùṣù Èkó tàbí Victoria Island, kì í sì í pẹ́. Omi rẹ̀ rọlẹ̀, torí wọ́n ti fi ògiri òkúta dáàbò bo ẹnu ọ̀nà èbúté kí ìgbì má bàa ba ọkọ̀ jẹ́. Ọdún 1908 ni iṣẹ́ ògiri yẹn bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sì wú mi lórí jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí nìyí: àwọn òkúta yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Àrò l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ wọn, rélùwéè ló kó wọn lọ. Àrò yìí kan náà tí gbogbo Nàìjíríà ń fi ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé orí òkúta ìlú wa ni àwọn ẹyẹ òyìnbó wọ̀nyẹn bà lé, inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé pé ebi ń pa wọ́n.

Ẹyẹ tẹ́ ẹ máa rí lórí òkúta náà àti lórí igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi ni ẹyẹ òkun funfun, tí ìrù rẹ̀ là bí àlùmọ́gàjí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tern. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ṣùgbọ́n méjì tó fún ọmọdé láti dá mọ̀ wà. Ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ó ki ẹnu bọ inú pupa ẹyin: Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Èkejì tóbi jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ọsàn tó pọ́n: etí òkun Mauritania àti Senegal ló ń yé sí, ọmọ Áfíríkà ni. Nígbà ìbísí, orí méjèèjì máa ń dúdú kírikíri, àmọ́ tó bá fi máa di Kérésì, iwájú orí wọn á ti pá, dúdú á wá kù sẹ́yìn bí irun bàbá àgbà. Ọmọkùnrin àbúrò mi ní Grandpa Ìbarà ni wọ́n jọ. Òwe ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ́ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú òkúta kò tó wọn. Gbogbo wákàtí tá a fi jókòó, ìjà àyè ni wọ́n ń jà.

Àléébù Tarkwa ni ariwo. Lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Sọ́ńdè, orin á máa dún, bọ́ọ̀lù á máa fò, ẹyẹ á sì lọ jókòó sí ibi tó jìnnà pátápátá. Ẹ lọ láàrin ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun orí ògiri òkúta náà: ewédò bò ó, ó ń yọ̀ bí ilá, omi ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í ṣe omi ìwẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdáhùn ṣókí láàrin àwọn méjèèjì: Lẹ́kìí fún ẹsẹ̀ tí kò lè rìn jìnnà, Tarkwa fún ọmọ tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ tó sì lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ omi.

Àgbádárìgì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n kò ní fi pa mọ́. Bẹ́ẹ̀, òun ló náni lówó jù, òun ló sì rẹ̀ wá jù.

Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé omi méjì ló ní. Ọ̀sà wà níwájú ìlú, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún fún àgbọn ló sì là wọ́n láàrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ lè wo ẹyẹ ẹrẹ̀, ẹyẹ orí ewé, àti ẹyẹ ìgbì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù tó lè ṣe ìyẹn.

Etí ọ̀sà la ti bẹ̀rẹ̀, aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀. Ewéko orí omi tó ń yọ òdòdó àlùkò, èyí tó wọ orílẹ̀-èdè wa láti ibi omi Àgbádárìgì yìí lọ́dún 1984, ṣì wà nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi iyọ̀ ti ń pa á díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Àwọn apẹja kórìíra rẹ̀, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, tó ń fi wọ́n rìn lórí ewé náà láìrì. Ọmọ mi obìnrin wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé Jésù ló kọ́ ọ?" Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun dúró lójú òfúrufú kan ṣoṣo, ó ń lu ìyẹ́, ojú rẹ̀ nínú omi, lójijì ó já lulẹ̀ bí òkò. Ìyẹn, ìbílẹ̀ ni, gbogbo ọdún lẹ máa bá a níbẹ̀.

Àlejò wà ní etí ẹrẹ̀. Kékeré kan wà tó ń jó ìdí láìdúró, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ìlù ń kọ lára (common sandpiper lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé). Ńlá kan wà, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, ó ń fi í wú alákàn jáde nínú ihò: whimbrel nìyẹn. Nígbà tá a rí i, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wa, ọmọ Ègùn, wojú mi.

"Mọ́mì, kí n pa ẹ́ńjìnnì?"

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n ń kọ́. Kì í gbé ibí. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ló máa ń dé, òjò ló máa ń lé e lọ."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó mú ọ̀pá, ó fi tì wá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. A sún mọ́ ẹyẹ náà débi tí a fi rí alákàn tó ń jà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ò gbé awò kankan, kò ní ìwé ẹyẹ, ìdajì gbólóhùn ló sì fi sọ ohun tí mo fi wákàtí méjì kà. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá ẹni tó ń wa ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé sínú rẹ̀: ẹ sọ fún un pé ẹyẹ lẹ fẹ́ wò, pé ẹ kò kánjú, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò sórí owó. Ẹ rí i pé gbogbo ọmọ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó ba ara wọn mu. Tí kò bá sí ti ọmọdé, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn.

Òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu. Ẹsẹ̀ la fi rìn gba inú àgbọn já sí òkun, ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ náà sì ni. Ẹ múra sílẹ̀, ọmọdé á béèrè. Tiwa béèrè. Àbúrò mi ló dá wọn lóhùn, n kò lè sọ pé ó rọrùn fún un. Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó rántí ẹyẹ.

A já sétí òkun, wọ́n wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Funfun bíi ẹfun, ẹsẹ̀ dúdú. Bí ìgbì bá ń fà padà, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e wuruwuru, wọ́n á máa ṣá yanrìn tútù. Bí ìgbì bá tún ṣẹ́rí padà, wọ́n á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sá, ẹsẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kí ojú rí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tiwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dara pọ̀. Ẹyẹ ń sá fún ìgbì, ọmọ ń sá fún ìgbì, kò sí èyí tó lé èkejì. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi dẹ́kun àtimáa béèrè ibi tí àwọn yòókù wà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe Tarkwa. Omi náà ń fani lábẹ́, ó sì ti gbé ẹni tó mọ omi í wẹ̀ lọ rí. Orúnkún ni ààlà wa, orúnkún àgbàlagbà tó ń di ọmọ lọ́wọ́ mú.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Láti Abẹ́òkúta, ẹ kò ní láti wọ àárín Èkó. Ẹ gba Ìfọ̀ dé Sángo-Ọ̀tà, ẹ yà sí Atan, ẹ já sí Agbára, ẹ bọ́ sí títì Àgbádárìgì. Lórí máàpù, ó kúrú. Lórí títì, ó gùn, torí àwọn ibi tó bàjẹ́ àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró nítorí ọ̀nà bodè Sẹ̀mẹ̀ ni. Ẹ kó ìwé ọkọ̀ yín dání pérépéré. Ẹni tó bá ní òun máa lọ kóun sì bọ̀ lóòjọ́, ọ̀sán gangan ló máa débẹ̀, nígbà tí ẹyẹ ti wọ ibòòji lọ. Ẹ sùn níbẹ̀ mọ́jú, ẹ jí ní ìdájí. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan yìí ló sọ Àgbádárìgì di ọ̀wọ́n ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀yán, fún ọdún tí owó bá há

Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó ná lè máà lọ jìnnà rárá. Adágún Ọ̀yán kò ju bíi 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta lọ, ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò náà, gbogbo ojú omi rẹ̀ lápapọ̀ sì tó 40 kìlómítà níbùú lóòró (square kilometres). Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ẹyẹ tó ń sá fún ìgbì. Àmọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń jẹ kòkòrò lókè omi, lékèélékèé ń tẹ̀ lé màlúù létí rẹ̀, àwọn ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn ń na ìyẹ́ sá oòrùn lórí igi kíkú lẹ́yìn tí wọ́n ti mòòkùn pẹja. Ẹ béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ìdídò, kẹ́ ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Òwúrọ̀ kan péré, mọ́ínmọ́ín nínú kúlà, aago mọ́kànlá ẹ ti wà nílé. Mo kà á sí ibi ìdánwò: ọmọ tí kò bá gbádùn Ọ̀yán fún wákàtí méjì, ẹ má ná owó Àgbádárìgì lé e lórí.

Rélùwéè tàbí mọ́tò, awò tàbí fóònù

Fún Lẹ́kìí àti Tarkwa, rélùwéè ni mo yàn. Láti ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, ó ń gbé yín dé Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta láìwo ojú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ó sì wá wọ táksí láti ibẹ̀. Tarkwa ló sún mọ́ Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta jù. Lẹ́kìí ṣì jìn, títì ibẹ̀ sì lè jẹ gbogbo àkókò tí rélùwéè bá yín rí he. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, torí ọ̀sẹ̀ Kérésì kì í ṣeé dá lé.

Awò awọ̀nàjíjìn: wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà méjì sí i lára. Èyí àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi. Ọjà á fẹ́ ta onímẹ́wàá fún yín pé ó lágbára jù. Ẹ ra 8 x 42. Ọwọ́ ọmọdé ń gbọ̀n, bí awò bá sì ṣe lágbára tó ni gbígbọ̀n náà ṣe ń hàn tó, pàápàá nínú ọkọ̀ ojú omi. Fóònù nìkan kò tó, àwòrán tó máa yà kò ní ju ẹ̀kán funfun kan lórí yanrìn lọ. Ohun tí fóònù wúlò fún ni Merlin, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń wo àwòrán tó ń sọ orúkọ ẹyẹ. Ẹ gbé e sórí fóònù nílé, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ apá ibí, kẹ́ ẹ tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ọyẹ́ tún lọ́wọ́ sí i. L'Abẹ́òkúta, ó lè ṣú débi tí ẹ kò ní rí orí Olúmọ láti Ìtọ́kú, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun máa ń lé e sẹ́yìn létí omi, nítorí náà ẹ má fi ojú ọjọ́ ilé pinnu. Oòrùn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Gúúsù ni etí òkun wa kọjú sí, oòrùn àárọ̀ á sì wà lápá òsì yín bẹ́ ẹ bá dojú kọ omi. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Ẹyẹ tó wà níbẹ̀, oòrùn á tàn sí i lára, ẹ ó rí àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì, òjìji lásán ni.

Kànnàkànnà, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ nílé. Ẹ̀gbọ́n wọn kan mú tirẹ̀ dání lọ́dún àkọ́kọ́, ó fi pamọ́ sábẹ́ ṣòkòtò.

Lọ́dún yìí, àbúrò mi ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì. Àgbádárìgì ló fẹ́, ọjọ́ méjì. Ìyá wa sì ti sọ pé òun ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, pé òun ti dàgbà ju ẹni tí ẹja ń jẹ lọ. Nítorí náà, Lẹ́kìí ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́bọ̀, a ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, a ó sì gba Sángo lọ, aago mẹ́fà àárọ̀.